Ẹ Gbé E Wá Síwájú Ìwé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ DSM Lórí Àyẹ̀wò Àìsàn Ìwà

Sí Ìgbìmọ̀ Olùdarí Ìwé DSM,
Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń wọlé sọ́dọ̀ yín kò kéré, nítorí náà mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún: ẹ gbé ìlànà tuntun tí ẹ ṣe fún àyẹ̀wò àìsàn ìwà, èyí tó wà ní Apá Kẹta DSM, ìwé yín tí a fi ń dárúkọ àìsàn ọpọlọ, láti 2013, wá sí Apá Kejì, níbi tí àwa tí à ń fi ìwé náà ṣiṣẹ́ ti ń wo nǹkan. Ẹ̀yin lẹ yan àwọn tó ṣe é. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wá fi í sẹ́yìn ìwé bí ẹni tó ránṣẹ́ pe àlejò pàtàkì tó sì ní kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Afìṣemọ̀rònú ni mí, iṣẹ́ àyẹ̀wò sì ni mo ń ṣe jù. Wọ́n á darí ẹnì kan sọ́dọ̀ mi, èmi àti ẹ̀ á jókòó, á dáhùn ìwé ìbéèrè, a ó sọ̀rọ̀ títí, n ó ṣírò máàkì rẹ̀, n ó sì kọ ìròyìn tí ẹlòmíràn yóò gbé ìtọ́jú kà. Gbólóhùn tó ń dárúkọ àìsàn nínú ìròyìn yẹn, inú ìwé yín ni mo ti ń mú un. Òun náà sì ni gbólóhùn tí ọkàn mi kì í balẹ̀ sí.

Àwọn tí kì í ṣe ará ìdí iṣẹ́ wa yóò ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí n là á yé wọn díẹ̀. Àìsàn ìwà, ohun tí ìwé yín ń pè ní personality disorder, kì í ṣe orúkọ mìíràn fún èèyàn burúkú, kì í sì í ṣe wèrè. Ó jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà rí ara rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà bá ọmọ ẹnìkejì lò ti dì gbagidi síbi tí kò dára, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ tàbí kó tó di pé ó dàgbà tán, níbi iṣẹ́, nílé, láàárín ọ̀rẹ́, níbi gbogbo. Ìyà rẹ̀ ń jẹ ẹni tó ní in, ó sì ń jẹ àwọn tó yí i ká. Ìwé yín ka irú rẹ̀ mẹ́wàá, ó sì pín wọn sí agbo mẹ́ta. Borderline (tí màá ṣàlàyé láìpẹ́), narcissistic (ìgbéraga àti wíwá ìyìn), antisocial (rírú òfin àti rírẹ́ni jẹ), avoidant (sísá fún èèyàn nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀gàn) wà nínú wọn. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ti jáde kúrò ní yàrá àyẹ̀wò tipẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ bá ti dàrú, “narcissist” ni ẹni tó fi í sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe ní ká máa dárúkọ àìsàn yìí rọrùn láti ṣàlàyé. Àmì wà lórí ìwé, ẹ ka iye tó gbọ́dọ̀ pé. Ẹ mú borderline. Àmì mẹ́sàn-án ló ní: ìbẹ̀rù pé wọn yóò pa òun tì, àjọṣe tó ń gbóná janjan lónìí tí yóò di ìkórìíra lọ́la, àìmọ irú ẹni tí òun jẹ́, ìwà wàdùwàdù tó lè ṣe é ní jàǹbá, pípa ara rẹ̀ lára tàbí fífẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀, ọkàn tó ń yí padà láàárín wákàtí díẹ̀, inú tó ṣófo, ìbínú tí kò ṣeé kápá, àti ìfura tàbí kí ara máa ṣe é bíi pé kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìdààmú bá dé. Bí márùn-ún bá pé, ó ní in. Bí mẹ́rin bá ni, kò ní in.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ní márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àmì mẹ́sàn-án jẹ́ 256. Èèyàn méjì lè jókòó níwájú mi tí mo kọ orúkọ àìsàn kan náà fún, tó sì jẹ́ pé àmì kan péré ló pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ná owó tí kò ní, ó ń bínú fọ́ nǹkan. Èkejì jókòó jẹ́ẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, kò mọ ara rẹ̀, ẹ̀rù pé wọn yóò fi òun sílẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Borderline làwọn méjèèjì. Ti obsessive-compulsive, irú àìsàn ìwà tí ẹni tó ní in ń fi dandan lé e pé kí gbogbo nǹkan pé láìlábùkù, tiẹ̀ tún yani lẹ́nu ju èyí lọ: àmì mẹ́jọ, mẹ́rin tó. Ẹni tó ní mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ẹni tó ní mẹ́rin ìkẹyìn kò ní nǹkan kan tó jọra rárá, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ta ló wá sọ pé márùn-ún? Nígbà tí borderline kọ́kọ́ wọ ìwé yín ní 1980, àmì mẹ́jọ ló ní, márùn-ún gbọ́dọ̀ pé. Ní 1994 ẹ fi àmì kẹsàn-án kún un, ti ìfura nígbà ìdààmú. Márùn-ún kò yẹsẹ̀. Ẹni tó ní àmì mẹ́rin lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí ìwé tuntun jáde lè jí lọ́jọ́ kejì kó ti di aláìsàn, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára rẹ̀. Mi ò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí a fa ìlà sí ló ń pinnu ẹni tó máa rí ìtọ́jú àti ẹni tí wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Kí ni mo ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́? Ẹnì kan ní àmì mẹ́rin, ṣùgbọ́n mẹ́rin yẹn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tú ilé rẹ̀ ká, ó ti gbé e dé ilé ìwòsàn pàjáwìrì. Ẹlòmíràn ní mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀, ó kàn ń jìyà ní kọ̀rọ̀ ni. Ìwé yín ní kí n kọ orúkọ fún ẹni tó ní mẹ́fà, kí n má kọ nǹkan kan fún ẹni tó ní mẹ́rin. Tàbí kí n lo orúkọ àjẹkù, “àìsàn ìwà mìíràn,” tí a fi ń bo ohun tí a kò rí ibi gbé sí. Ìwọ̀n bó ṣe le tó, tó jẹ́ ohun tí ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn yìí fẹ́ mọ̀ jù lọ, kò sí àyè rẹ̀ fún àìsàn ìwà níbì kankan nínú Apá Kejì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe DSM-5, ẹ̀dà ìwé yín tó jáde ní 2013, ìgbìmọ̀ tí Andrew Skodol jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Wàhálà ò tán nínú ìgbìmọ̀ náà. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, John Livesley àti Roel Verheul, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2012. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ parí. Nígbà tó di December 2012, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ yín dìbò pé kí ti àtijọ́ ṣì dúró síbi tó wà, kí tuntun lọ sí Apá Kẹta, láàárín àwọn òṣùwọ̀n àti ìlànà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ìwé yín fúnra rẹ̀ sọ pé torí kí iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn má bàa dàrú ni, pé ìlànà tuntun sì wà láti yanjú ọ̀pọ̀ àléébù tí ti àtijọ́ ní. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nínú ìwé kan náà, ẹ sọ pé ohun tó wà níwájú ní àléébù púpọ̀, ẹ sì ní òun ni ká máa lò.

Kí ló wà nínú ìlànà tuntun yìí? Ìbéèrè méjì ni.

Àkọ́kọ́ ni pé báwo ni ìwà ẹni yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ sí? Nǹkan mẹ́rin ni a ń wò. Ṣé ó mọ ara rẹ̀, tí iyì tó ń fún ara rẹ̀ sì dúró sójú kan? Ṣé ó mọ ibi tó ń lọ láyé, tó lè gbé ìgbésẹ̀ débẹ̀? Ṣé ó lè fi ara rẹ̀ sípò ẹlòmíràn? Ṣé ó lè sún mọ́ èèyàn, kí ìsúnmọ́ yẹn sì pẹ́? A óò wá fi òṣùwọ̀n tó ń lọ láti 0 dé 4 díwọ̀n rẹ̀. Òdo ni ẹni tí ìwà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mẹ́rin ni ẹni tó bàjẹ́ kọjá sísọ. Láti 2 sókè ni àìsàn bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni pé irú ìwà wo? Ẹ kó àbùdá ìwà sí agbo márùn-ún: kí ìdààmú, ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ máa tètè ru sókè, yíya ara ẹni sọ́tọ̀, ìwà àìkanisí àti ìrẹ́nijẹ, àìlèkó ara ẹni níjàánu, àti èrò tàbí ìrírí àràmàǹdà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Agbo márùn-ún yìí pín sí àbùdá kéékèèké 25. Robert Krueger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní 2012 láti fi wọ̀n wọ́n, èyí tí a mọ̀ sí PID-5. Gbólóhùn 220 ló wà nínú rẹ̀, aláìsàn á sì yan láti 0 dé 3 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bá a mu tó. Mẹ́fà nínú orúkọ mẹ́wàá àtijọ́ ṣì wà, borderline wà níbẹ̀, narcissistic wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ inú mẹ́fà náà, a ó kọ àbùdá tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò ní í jẹ́ orúkọ àjẹkù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bó ṣe rí lórí ìwé. Ọkùnrin kan rèé. Mo fi ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti yẹ̀ wò pọ̀ ṣe é ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá a. Bí mo bá lo Apá Kejì, ohun tí mo máa kọ ni pé: narcissistic, àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án. Ó parí. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ yóò ka gbólóhùn yẹn, ojú rẹ̀ á sì ti le kí ọkùnrin náà tó wọlé.

Bí mo bá lo Apá Kẹta, mo máa kọ pé: Mímọ ara rẹ̀, 3, bí wọn ò bá yìn ín fún ọjọ́ díẹ̀, kò mọ ẹni tó jẹ́ mọ́, á wá máa ronú pé òun ò já mọ́ nǹkan kan. Mímọ ibi tó ń lọ, 1. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró, ó ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Fífi ara sípò ẹlòmíràn, 2. Ó lè rí i pé ìyàwó òun ń sunkún, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbọ́ nínú ẹkún náà kò ju ẹ̀sùn lọ. Ìsúnmọ́, 3; kò ní ọ̀rẹ́ tó ju ọdún méjì lọ. Àbùdá: ìgbéraga àti wíwá ojú ayé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà ṣe ní kó rí fún narcissistic, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ àti àníyàn náà ga lára rẹ̀, èyí tí orúkọ nìkan ò bá bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá ka èkejì ti mọ ibi tí yóò gbá mú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò fọ́, pé ohun tó ń fọ́ ni ìgbà tí ìyìn bá dáwọ́ dúró. Ó mọ̀ pé ìgbéraga tí gbogbo ayé ń rí, ìbànújẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, pé bí ó bá wá fi ìjà pàdé ìgbéraga náà, ìbànújẹ́ ni yóò tú jáde. Ó sì ní nọ́ńbà tó lè padà wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó rí i bóyá 3 ti di 2.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé àìsàn ìwà máa ń yí padà ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Mary Zanarini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn McLean tẹ̀ lé àwọn aláìsàn borderline 290 tó ti gba bẹ́ẹ̀dì rí. Láàárín ọdún mẹ́wàá, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló lo ó kéré tán ọdún méjì tí àmì wọn kò tó iye tí orúkọ àìsàn náà ń béèrè mọ́. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè bóyá àwọn èèyàn náà ti gbádùn ní kíkún, kí àmì lọ, kí wọ́n ní àjọṣe gidi pẹ̀lú ẹnì kan, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ tàbí lọ sí iléèwé déédéé, ìdajì péré ló débẹ̀. Kí ló fà á tí iye méjèèjì fi jìnnà síra báyìí? Àmì ni a ń kà, àmì sì ti lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù, bí èèyàn ṣe mọ ara rẹ̀ sí àti bó ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé, kò sí nínú ohun tí à ń kà. Inú ìbéèrè àkọ́kọ́ ti Apá Kẹta ló wà.

Wọ́n á ní ìyípadà ńlá máa ń da iṣẹ́ rú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe ẹni tí ìyípadà ń bà lẹ́rù. Nínú DSM-5 yìí kan náà, ẹ da ìlòkulò ọtí àti ọtí tó ti di bárakú pọ̀ di àìsàn kan, àmì 11: méjì tàbí mẹ́ta, ó fẹ́ẹ́rẹ́; mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó wà láàárín; mẹ́fà sókè, ó le. Kò sẹ́ni tó ní ọ̀run ya lu òun. Ní March 2022, nígbà tí ẹ tún ìwé náà ṣe, ẹ mú ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ, tó ti wà ní Apá Kẹta tẹ́lẹ̀, ẹ tún un kọ, ẹ sì gbé e wá sí Apá Kejì. Ọ̀nà tí mo ń tọrọ, ẹ ti rìn ín rí. Kí ló dé tí ẹnu ọ̀nà náà fi tì nígbà tó kan ìwà?

Àjọ Ìlera Àgbáyé kò dúró dè yín. Ìwé tiwọn, ICD-11, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní May 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2022, ti kó orúkọ àtijọ́ náà dànù. Àìsàn ìwà kan ló kù: ó fẹ́ẹ́rẹ́, ó wà láàárín, tàbí ó le. Nísàlẹ̀ èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìṣòro ìwà, tí kì í ṣe àìsàn. Dókítà á wá fi àbùdá kún un bó bá fẹ́. Àwọn kan pariwo pé bí borderline bá kúrò, ìtọ́jú tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán wò fún un, bí irú èyí tí Marsha Linehan dá sílẹ̀, kò ní rí ẹni tí wọ́n máa lò ó fún. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi àmì borderline sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó. Tiyín ò tiẹ̀ ní ìjà yẹn nínú, nítorí ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ gedegbe. Bó ti rí báyìí, dókítà kan lè lo ìwé méjì lọ́jọ́ kan náà kí èrò inú wọn máa tako ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìlànà yín tó wà lẹ́yìn ìwé àti tiwọn bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè pè wọ́n ní ọmọ ìyá.

Ẹ̀gàn kan wà tí mi ò lè fojú fò. Ẹ ní ká wọn bí èèyàn ṣe mọ ara rẹ̀ tó. Ta ni à ń bi? Òun kan náà ni. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan, gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò wa ló ń jìyà rẹ̀. Láti ìgbà tí Hathaway àti McKinley ti gbé MMPI, ìwé ìbéèrè ńlá kan nípa ìwà àti àìsàn ọkàn, jáde ní 1943, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìdẹkùn sínú ìwé ìbéèrè fún ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn bí áńgẹ́lì àti ẹni tó fẹ́ ṣe bíi pé àìsàn rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Àwọn ìdẹkùn yẹn dára, mo ń lò wọ́n. Wọ́n ń mú onírọ́. Ẹni tí wọn kò lè mú ni ẹni tó ń sọ òtítọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó máa ń rẹ́ni jẹ, á ní rárá, yóò sì máa wò yín lójú láìṣẹ́jú. Kò parọ́. Lójú tirẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Thomas Oltmanns àti Eric Turkheimer fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rò pé kò sí iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ gbé sórí tábìlì yín ju tiwọn lọ. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n ti jọ sùn, jọ jẹun, jọ sá eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn nípa ara rẹ̀, ó sì yan èyí tí ìwà kọ̀ọ̀kan bá mu jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá wo àwọn tí iṣẹ́ ológun bọ́ lọ́wọ́ wọn kí àkókò tó tó, ohun tí ẹlẹgbẹ́ sọ ló fi wọ́n hàn dáadáa ju ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn lọ. Nínú àkójọ ìwádìí tí àwọn méjèèjì pẹ̀lú David Klonsky gbé jáde ní 2002, ìbáramu tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ẹni nípa ara ẹni àti ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, lórí àìsàn ìwà, kò ju nǹkan bíi 0.36 lọ, níbi tí 1 ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn bára mu délẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni.

Mi ò sọ pé ẹlòmíràn ló mọ̀ jù. Ìyàwó tó ń bínú, ọ̀gá tó fẹ́ lé ọmọ iṣẹ́, bàbá tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́, gbogbo wọn ní tinú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà tí ẹlòmíràn kò lè rí: òfìfo inú, ẹ̀rù òru, èrò pé kí òun kú. Ẹni tó ní in nìkan ló lè sọ ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ta kora gan-an ni àìsàn ìwà máa ń fara pamọ́ sí. Bí ọkùnrin kan bá sọ pé òun kì í bínú, tí ẹni mẹ́ta tó ń bá a gbé sì ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ nínú ilé, ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ wọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ má gbé e bọ̀ lásán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà pé nígbàkígbà tí ó bá ṣeé ṣe, tí aláìsàn sì gbà, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa kí a tó fi nọ́ńbà sí i. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀: PID-5 ní ti ẹlòmíràn, gbólóhùn 218, ẹnikẹ́ni tó mọ aláìsàn náà lè dáhùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lò ó tó bó ṣe yẹ, nítorí kò sí ibì kan nínú ìwé yín tó pọn ọ́n ní dandan.

Àwọn tí kò fẹ́ ìlànà yìí ní àbùdá 25 ti pọ̀ jù fún dókítà tó ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ní òótọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní kí n yan, màá ní kí ẹ sọ agbo márùn-ún di dandan, kí 25 jẹ́ ti ẹni tó ní àkókò. Ìwé ìbéèrè kúkurú tó ní gbólóhùn 25 ti wà fún ìyẹn. Wọ́n tún ní pípe ẹnì kan ní ẹni tí àìsàn ìwà rẹ̀ “le” lè bà á lórúkọ jẹ́ ju “borderline” lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó le lè fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí fáìlì tí wọ́n ti nu borderline kúrò.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ ló kù. Ní 2018, ilé ìtẹ̀wé yín gbé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ṣe fún ìlànà Apá Kẹta yìí jáde, SCID-5-AMPD, apá mẹ́ta. Mo ra tèmi. Ẹ ń tà á fún wa, a ń rà á, a ń kọ́ bí a ṣe ń lò ó, a wá padà sí Apá Kejì láti lọ ka àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ tí fọ́ọ̀mù ń béèrè wà.

Ẹ kò nílò láti dúró de ìwé tuntun odindi. Ìgbìmọ̀ yín ń gba àbá ìyípadà láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sì ń fi àtúnṣe kún ìwé láàárín àtẹ̀jáde. Ẹ tẹ ìlànà méjèèjì pọ̀ ní Apá Kejì fún ìwọ̀nba ọdún, tuntun lókè, àtijọ́ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí àtijọ́ yóò kúrò lójú ìwé. Ẹ fi ojú ìwé kan péré ṣàlàyé bí a ṣe ń fi 0 dé 4 díwọ̀n, pẹ̀lú àpẹẹrẹ èèyàn gidi, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 2 àti 3, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń wà jù láàárín àwa tí à ń wọ̀n ọ́n. Kí ẹ sì dáhùn lẹ́tà yìí ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rárá ni ìdáhùn yín, kí a mọ ẹ̀rí tí ẹ ṣì ń dúró dè àti iye tó gbọ́dọ̀ pé kó tó tó.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Afìṣemọ̀rònú kan tó ń fi ìwé yín ṣiṣẹ́.